Ìwé Ìgbòmìnira Tí Mo Fi Du Sìfáwù

Ìyá mi, ẹni tó fi abẹ́rẹ́ tọ́ mi dàgbà,

Mo purọ́ mọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ kú. Mo fẹ́ fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀, torí bí mo bá kọ́kọ́ ń kí yín kiri, n óò rí ọ̀nà yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ìwé tí ẹ kọ fún Sìfáwù, ọmọ iṣẹ́ yín, èyí tí ẹ ní kí n fi lé e lọ́wọ́ bó bá ti dé láti Ẹdẹ, n kò fún un. Mo ká a, mo tì í bọ inú Bíbélì bàbá mi, mo sì sọ fún ọmọ náà pé inú bí yín sí i títí ẹ fi dákẹ́. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí. Mo ti pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Mo ti dàgbà ju bí ẹ ṣe wà lọ lọ́jọ́ tí ẹ kú, irọ́ náà sì ń bá mi dàgbà.

Ṣé ẹ rántí ọ̀sán ọjọ́ yẹn? Ìrọ̀rí mẹ́ta ló gbé yín ró lórí ibùsùn. Ẹ ní kí n mú ìwé tí ẹ máa ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí wá, ẹ sì já ojú ewé kan nínú rẹ̀. Mo ní kí n bá yín kọ ọ́. Ẹ kọ̀. Èmi tí mo lọ sí yunifásítì ń wò yín, ẹ̀yin tó jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ àgbà ìrọ̀lẹ́ ni ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń di kálàmù mú. Ẹ máa ń sinmi láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì. Oòrùn kúrò lójú fèrèsé kí ẹ tó parí rẹ̀. Ohun tí ẹ kọ kò ju ìwọ̀nba yìí lọ:

Èmi ni mo kọ́ Sìfáwù ní aṣọ rírán. Ó ti kọ́ ọ yanjú. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Mo tú u sílẹ̀. Kó ṣí ìsọ̀ tirẹ̀ níbi tó bá wù ú, ì báà jẹ́ iwájú ìsọ̀ tèmi. Kó gba ọmọ iṣẹ́. Ohun tí ọwọ́ mi rí jẹ, kí ọwọ́ rẹ̀ rí i jẹ.

Ẹ ní tí a bá ti sìnkú yín tán, kí n pe ẹgbẹ́ aránṣọ jọ, kí wọ́n ṣe fúrídọ̀mù, ayẹyẹ ìgbòmìnira, fún un. Mo ní mo gbọ́. Ẹ mójú kúrò lára mi, ẹ sùn. Ọjọ́ kẹta lẹ lọ.

Ẹ mọ ohun tí ìwé yẹn jẹ́ jù mí lọ. Ní ìlú Ṣàngó wa níbí, aránṣọ tí ọ̀gá rẹ̀ kò bá tú sílẹ̀, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó, ọmọ iṣẹ́ ni. Kò gbọdọ̀ gbé maṣíìnì síwájú ìta, kò gbọdọ̀ kọ́ ẹlòmíràn. Bó bá ṣe é, ẹgbẹ́ á wá ti ìsọ̀ rẹ̀ pa. Bí ẹgbẹ́ kò tilẹ̀ wá, ẹ̀rù á máa bà á fúnra rẹ̀, torí wọ́n ní iṣẹ́ tí ọ̀gá kò súre sí kì í dúró lọ́wọ́ ẹni. Sìfáwù gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ tọkàntọkàn. Ohun tó gbà gbọ́ yẹn ni mo fi dè é mọ́lẹ̀. N kò nílò okùn.

Ẹ ó béèrè pé kí ló fà á. Ilé iṣẹ́ aṣọ tí mo ti jẹ́ akọ̀wé ní Ọ̀tà ti kógbá wọlé kí ẹ tó kú. Ìwé ẹ̀rí mi wà nínú àpótí, kò sí ẹni tó pè é jáde. Ìgbà yẹn gan-an ni ìlú ń yí padà. Ibi tí a ti ń gbin ẹ̀gẹ́ ni kátapílà ń gbá lọ, ṣọ́ọ̀ṣì ń hù níbẹ̀ bí olú. Yunifásítì tẹ̀ lé ṣọ́ọ̀ṣì dé. Àwọn èèyàn ń kó ẹrù wọ̀lú láti ibi gbogbo, oníwàásù àti olùkọ́ àti àwọn tó ń bá wọn fọ ilẹ̀. Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì tí kò fẹ́ kí ẹgbẹ́ akọrin òun wọ róòbù tó ń dán. Kò sí ilé ìwé, títí dé jẹ́lé-ó-sinmi, tí kò fẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń jáde wọ gáùn dúdú àti fìlà onígun mẹ́rin. Mo rí ọ̀nà èrè yẹn kí ọ̀pọ̀ aránṣọ tó rí i. Bóyá òun nìkan ni ohun tí ìwé kíkà mi ṣe fún ìsọ̀ yín.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò gé e? Èmi lè de táì, mo lè jókòó níwájú pásítọ̀ kí n sọ gẹ̀ẹ́sì tó máa mú un mi orí, síbẹ̀ n kò lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó wọlé. Sìfáwù ló lè to aṣọ ní ìpele mẹ́wàá, kó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ti òkè nìkan, kó gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí ìkankan má ṣì. Mo bá ara mi sọ ọ́ ní ọjọ́ tí a sin yín, bí àwọn èèyàn ṣe ń jẹun nínú àgbàlá: bí mo bá fún ọmọ yìí ní ìwé rẹ̀, láàárín oṣù mẹ́ta á ti ní ìsọ̀ tirẹ̀, pásítọ̀ wo ló sì máa fi ẹni tó ń ránṣọ sílẹ̀ wá bá ẹni tó ń de táì?

Ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n kọ́ wa pé oníṣòwò kì í tajà nítorí ìfẹ́ tó ní sí oníbàárà, pé ti ara rẹ̀ ló ń rò, àti pé ibẹ̀ gan-an ni oníbàárà ti ń rí ohun tó fẹ́ rà. N kò ní kí n sọ fún yín pé irọ́ ni. Ẹ̀yin náà fẹ́ràn èrè, Ìyá. Ṣé ẹ rò pé n kò rí yín ni? Bí oníbàárà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàá-dúrà, ẹ ó yára kó píìnì sẹ́nu, ẹ kò ní lè dá a lóhùn mọ́, á máa dá sọ̀rọ̀ títí á fi rẹ̀ ẹ́, á gbà fún yín. Síbẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ máa ń ká gbogbo àjákù aṣọ oníbàárà, tó fi mọ́ èyí tí kò tó ìka mẹ́rin, ẹ ó dì í, ẹ ó dá a padà. Mo bi yín nígbà kan pé kí lẹ rí jẹ níbẹ̀. Ẹ ní kí n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kí n máa ka àwọn tó ń padà wá. Ẹ mọ ti ara yín, ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó wà níwájú yín náà mọ ti ara rẹ̀. Obìnrin mẹ́rìnlá lẹ tú sílẹ̀, tí mẹ́ta nínú wọn ṣí ìsọ̀ sí ojú títì kan náà pẹ̀lú yín, ẹ sì ń yá wọn ní òwú. Ẹ̀bi mi kì í ṣe pé mo fẹ́ èrè. Ẹ̀bi mi ni pé ara mi nìkan ni mo gbà láyè kó fẹ́ ẹ.

Ọjọ́ kẹrin ìsìnkú yín ni Sìfáwù dé. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ rán an lọ, ẹ rántí, ẹ̀yin lẹ fún un lówó ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pé àìsàn dá bàbá rẹ̀ dùbúlẹ̀. Bàbá náà kú ní ọjọ́ kejì tó débẹ̀. Ó wọlé pẹ̀lú ojú tó ti wú tẹ́lẹ̀, kò sì tíì mọ̀ pé òkú kejì ń dúró dè é. Nígbà tó sunkún tó, ó béèrè bóyá ẹ fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ fún òun.

Mo ní, “Wọ́n pè ọ́ títí, Sìfáwù. Wọ́n ní ọmọ tí àwọn kọ́ níṣẹ́ ló pa àwọn tì lọ́jọ́ ikú.”

“Bọ̀dá, àwọn ló ní kí n máa lọ o! Àwọn fúnra wọn!”

“Ìyẹn kí àìsàn tó le. Nígbà tó le, ọkàn wọn yí padà.”

“Wọn ò wá tú mi sílẹ̀?”

“Wọn ò tú ọ sílẹ̀.”

Ó ká ọwọ́ lérí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo bu omi tútù fún un. Nígbà tó mu ún tán ni mo wá sọ fún un, pẹ̀lú ohùn ìfẹ́, pé bó bá fẹ́ kí inú yín rọ̀ lọ́run, kó dúró sí ìsọ̀ yín, kó máa bá mi ṣiṣẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin láti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Alága ẹgbẹ́ aránṣọ, ìyá arúgbó tí ẹ̀yin pẹ̀lú rẹ̀ jọ máa ń lọ ra aṣọ ní Ọ̀yìngbò, wá bá mi lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Kò jókòó.

“Akọ̀wé, ọmọ yìí ti pọ́n. Ẹ jẹ́ ká já a.”

“Màmá mi kò fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, mà.”

“Màmá yín wo? Èyí tó tú mẹ́rìnlá sílẹ̀ níṣojú mi? Ó wá kan ẹnì kẹẹ̀ẹ́dógún, ó gbàgbé?”

“Wọ́n bínú sí i ni, mà.”

Ó wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. “Bọ́tìnnì tó já lára ẹ̀wù yín, ta ló bá yín rán an? Òun náà ni. Kí lẹ wá fẹ́ kọ́ ọ?”

Mo mọ̀ pé àṣà wà lẹ́yìn mi: ẹnu àrólé ni ẹnu olóògbé. Ó pòṣé, ó lọ. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tó yí ẹ̀yìn padà.

Ìsọ̀ yín gbilẹ̀, Ìyá. Mo gba ìsọ̀ kejì mọ́ ọn, maṣíìnì di mẹ́fà. Àwọn ọmọbìnrin wá kọ́ṣẹ́, Sìfáwù ni mo ní kó kọ́ wọn, lórúkọ ìsọ̀ yín kí ẹgbẹ́ má baà rí wí. Bó bá sì ti kọ́ wọn tán, èmi ni mo ń tú wọn sílẹ̀, èmi tí n kò mọ iwájú maṣíìnì yàtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ń gbé ọwọ́ lé wọn lórí, mo ń súre, wọ́n ń ya fọ́tò. Òun ló ń gé aṣọ tí wọ́n wọ̀, òun ló ń bu ìrẹsì fún àlejò. Ní ọjọ́ kan, ọ̀kan lára wọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ kígbe láti orí àga pé, “Àǹtí Sìfáwù, ọjọ́ wo la máa jẹ ìrẹsì tiyín ná? Àbí ẹ̀yin ti gba títí ayé?” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rín in, ó sì bu ẹran kún tọmọ náà.

Mùsùlùmí ni, ẹ mọ̀, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì sì fẹ́ràn láti máa fi í ṣẹ̀fẹ̀. Obìnrin tó jẹ́ olórí akọrin kan máa ń sọ fún un pé, “Sìfáwù, aṣọ ìyìn tí o ti rán pọ̀ tó èyí tí ọ̀run fi ń ṣọ̀ṣọ́, ìgbà wo lo máa fi ayé rẹ fún Jésù?” Á ní, “Mà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi kọ́là sí i ná.” Ó lẹ́nu bẹ́ẹ̀ sí gbogbo ènìyàn. Èmi nìkan ni kò ní ẹnu sí.

Ó fẹ́ ọkọ, wẹ́dà kan láti Ìkirun tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ irin. Ọkùnrin náà gba ìsọ̀ kékeré kan fún un ní Ìjókò, nítòsí ibi tí wọ́n ń kọ́ ilé tuntun sí. Sìfáwù wá kúnlẹ̀ níwájú tábìlì mi. Ó ní, “Bọ̀dá, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Mo ti sìn yín. Ẹ tú mi sílẹ̀ lórúkọ wọn.” Mo ń ka ìwé ìròyìn. N kò gbé ojú sókè. Mo ní, “Lọ bẹ ẹni tó kú.”

Ó ṣí ìsọ̀ náà síbẹ̀. Ó ní ìgboyà fún ọjọ́ mọ́kànlá. Èmi fúnra mi ni mo lọ fi ẹjọ́ sun ẹgbẹ́. Alága tí ó fẹ́ràn rẹ̀ ti di aláìsàn, àwọn mìíràn ló wà níbẹ̀, òfin sì ni òfin. Wọ́n wá pẹ̀lú àgádágodo, wọ́n yọ táyà ọwọ́ maṣíìnì rẹ̀ lọ kó má baà lè yí i. Mo dúró sí òdìkejì ọ̀nà pẹ̀lú táì mi. Ó rí mi. Ní ọjọ́ Ajé, kí n tó dé, ó ti gbá ìsọ̀ yín, ó ti jókòó. Ó ní, “Ẹ káàárọ̀, sà.” Láti ọjọ́ yẹn, ó pẹ́ kó tó tún pè mí ní bọ̀dá.

Ṣé ẹ máa ń gbọ́ ọ lórí sàréè? Mo fẹ́ mọ èyí ju ohun gbogbo lọ. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kó tó lọ kírun, á yà sí àgbàlá wa ní Ọ̀tà, á kúnlẹ̀ síbi tí a sin yín sí. Èmi wà lẹ́yìn fèrèsé pẹ̀lú tíì mi. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ: “Màmá, ẹ má bínú. Bàbá mi ló ń kú. Ẹ má bínú.” Ọdún lé ọdún. Kí ló dé tí ẹ kò dá a lóhùn? Kí ló dé tí tíì náà kò há mi lọ́fun? Àbí àwọn òkú kì í dá sí ọ̀rọ̀ ọjà?

Aṣọ dúdú ló ba ojú rẹ̀ jẹ́. Gáùn dúdú, òwú dúdú, láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, nínú ìsọ̀ tí iná kì í fi bẹ́ẹ̀ sí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ wá ojú ìlà. Ní àkókò kan náà ni àwọn ilé ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í ra gáùn tí wọ́n ti rán sílẹ̀ láti òkè òkun, iṣẹ́ mi sì gbẹ. Mo ta àwọn maṣíìnì. Mo sọ fún Sìfáwù pé kó máa lọ sílé. Ó béèrè bóyá òun lè gba ìre yín báyìí tí iṣẹ́ ti parí. Mo ní kò sí ní ìkáwọ́ mi. Kí ni ìwé yẹn tún fẹ́ ṣe fún mi nígbà náà, Ìyá? Kò sí èrè kankan níbẹ̀ mọ́. Mo ṣì dì í mú. Ẹni tó bá ti pẹ́ tó ń ti ilẹ̀kùn, bí ẹrù bá tilẹ̀ tán nínú ilé, á ṣì máa ti ilẹ̀kùn.

Ó di ẹni tó ń ta òwú, sìípù àti bọ́tìnnì fún àwọn aránṣọ Ìjókò. Kò rán nǹkankan mọ́, kò sì kọ́ ẹnikẹ́ni. N kò rí i fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní oṣù tó kọjá, ó wá sí ilé tí mò ń gbé báyìí ní Ìtẹ̀lé. Ó gbé oyin, obì àti ẹlẹ́rìndòdò wá, ó kúnlẹ̀, ó sì tún pè mí ní bọ̀dá. Ó ní ọmọ òun obìnrin tó ti jáde ìwé kò fẹ́ iṣẹ́ mìíràn àyàfi aṣọ rírán. Òun ti kọ̀ fún un títí, ọmọ náà kò gbọ́. Ó ní, “Bọ̀dá, mi ò fẹ́ kí ìbínú Màmá kọjá lára mi dé ara ọmọ mi. Kó má lọ máa ṣiṣẹ́ tí kò ní dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ ẹnu wọn. Ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn.”

Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yín ṣe. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí. Mo dárúkọ yín. Mo ní kí ẹ dárí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá jì í. Mo gbàdúrà náà gùn, mo sì gbọ́ ohùn ara mi, ó wù mí. Ìwé yín wà nínú yàrá kejì, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́jọ lọ sí ibi tó kúnlẹ̀ sí. Ó sunkún, ó ní Ọlọ́hun á dá mi sí. Nígbà tó lọ, mo jẹ obì rẹ̀. Ì bá dára kí n sọ fún yín pé ó korò lẹ́nu mi. Obì náà dùn.

Kì í ṣe àánú ló gbé mi dìde níkẹyìn, ẹ má jẹ́ kí n tún purọ́. Dókítà ló sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi nípa ọkàn mi. Mo jáde níbẹ̀, mo dúró ní Tólígéètì Ṣàngó láàárín àwọn tó ń sáré wọkọ̀, ohun tí mo sì ń rò kò ju pé n óò bá yín pàdé láìpẹ́, ẹ ó sì bi mí. Ti ara mi náà ni mo tún ń rò.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìjókò. Ìsọ̀ rẹ̀ kò fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà kan lọ. Ó gbé àga fún mi, ó fẹ́ ra omi. Mo ní kó jókòó.

“Sìfáwù, Màmá kò bínú sí ọ.”

“Mo mọ̀, Bọ̀dá. Àdúrà yín ti gbà. Láti ọjọ́ yẹn lara mi ti fúyẹ́.”

“Rárá. Mo ní wọn ò bínú sí ọ rí. Wọ́n tú ọ sílẹ̀ kí wọ́n tó kú. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́. Èmi ni mo gbé ìwé náà pamọ́.”

Obìnrin aránṣọ kan yọjú. “Ìyá Olówùú, ẹ fún mi ní funfun méjì, àti sìípù gígùn kan.” Sìfáwù dìde, ó kó o fún un, ó fún un ní ṣéńjì. Obìnrin náà wo ojú rẹ̀. “Ṣé kò sí o?” “Kò sí. Máa lọ.” Ó padà jókòó.

“Lọ́jọ́ tí wọ́n ti ìsọ̀ mi pa, ìwé náà wà lọ́wọ́ yín?”

“Ó wà.”

“Nígbà tí ẹ gbọ́wọ́ lé mi lórí lóṣù tó kọjá ńkọ́?”

“Ó wà nínú yàrá kejì.”

Ó ń ka orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́. Alága ti kú. Akápò ẹgbẹ́ ti kú. Ọkọ òun tó gba ìsọ̀ fún òun ti kú. “Ta lẹ wá fẹ́ kí n fi hàn, Bọ̀dá?”

Mo bọ́ fìlà mi. Mo ní kó dárí jì mí, mo ní mo ti di arúgbó. Mo mú ìwé náà jáde nínú àpò agbádá mi, ṣùgbọ́n n kò nà án sí i. Mo gbé e lé orúnkún, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, mo ń dúró kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó wo ọwọ́ mi.

“Ẹ tún fẹ́ tà á fún mi ni?”

Ìyá, n kò mọ̀ pé ohun tí mò ń ṣe nìyẹn àfi ìgbà tó wí bẹ́ẹ̀. Mo ti gbé ọjà sórí ẹsẹ̀, mo ń retí iye tó máa dá lé e.

Ó ní, “Òwú, sìípù àti bọ́tìnnì ni mò ń tà níbí. Àforíjì kò sí lórí àtẹ mi. Ẹ gbé ìwé mi wá.”

Mo dìde dúró, torí kò tọ́ kí n fún un lórí ìjókòó. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, ó sì gbà á.

Èmi tí ẹ bí, tí ẹ fẹ́ràn, tí mo sì ń ṣàárò yín síbẹ̀,

Ọmọ yín.